DAC dọ́là 9 àti DAC pọ́n-ùn 8,000: Kí ni oníṣòwò ń fi owó tó lé rà?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, iléeṣẹ́ Apple ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé fóònù iPhone 7 jáde láìsí ihò tí wọ́n máa ń ki ẹnu wáyà hẹ́dífóònù bọ̀. Dípò ihò náà, wọ́n ṣe wáyà kúkúrú kan tí yóò máa ṣe alárinà láàárín fóònù àti hẹ́dífóònù. Dọ́là 9 ni wọ́n ń tà á. Lọ́dún kan ṣáájú ìgbà náà, ní 2015, iléeṣẹ́ Chord Electronics tó wà ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní DAVE jáde. Iye tí wọ́n dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 8,000.

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. DAC ni wọ́n: ẹ̀rọ tó ń gba orin tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ pamọ́, tó sì ń sọ ọ́ di iná tí hẹ́dífóònù lè fi kọrin sétí. Ọ̀kan ṣeé fi sápò bíi kọ́kọ́rọ́ ilé, èkejì jẹ́ àpótí irin tó ń dá dúró lórí tábìlì.

Ẹni tó ń gbọ́ orin fún ìgbádùn ara rẹ̀ lè ra èyí tó bá wù ú. Àwọn àgbà ní ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ní sitúdíò kékeré ní Ìbàdàn tàbí ní Muṣin, tó ń gba ohùn akọrin sílẹ̀, tó ń tún ìwàásù àti ìpolówó ọjà ṣe fún rédíò, yàtọ̀ sí èyí. Owó òwò ni tirẹ̀. Bó bá kó o lé ohun tí oníbàárà rẹ̀ kò lè gbọ́, owó náà ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Àṣìṣe yìí sì ti wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí báńkì ń ta dọ́là kan wà ní nǹkan bíi náírà 460. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní náírà 1,500. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ dọ́là 1,000 tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 460,000 tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ láàárín ọdún méjì, láìtíì ka owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tí DAC ń ṣe

Nígbà tí Sony àti Philips gbé àwo CD jáde ní ọdún 1982, àdéhùn wọn ni pé ìgbà 44,100 ni wọ́n yóò máa wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi nọ́ńbà kan dúró fún bí ohùn náà ṣe ga tó, nọ́ńbà náà á sì jẹ́ ọ̀kan nínú 65,536. Torí náà, ohun tó wà lórí àwo kì í ṣe ohùn mọ́. Ìwé ìṣirò gbọọrọ ni, DAC ló sì ń ka ìwé náà padà di ohùn.

Kò sí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń kọrin tí kò ní DAC nínú. Fún ìdí èyí, kò sí oníṣòwò tó ń bèèrè bóyá kí òun ní DAC, torí ó ti ní. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bóyá ó yẹ kó tún ra òmíràn lé e.

Ohun tí wọ́n fi ń mọ DAC tó dáa ni bí orin ṣe ga ju ariwo ẹ̀yìn àti ìdàrú tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ lọ. Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àlàfo tí àwo CD lè gbà jẹ́ nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 96. DAC tó dáa lóde òní máa ń kọjá 110, àwọn tó ga jù sì ti lé ní 120. Kí ẹnì kan tó gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá níbẹ̀, àfi kó wà nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, kó sì ṣí orin náà débi tí etí rẹ̀ yóò fi máa dùn ún. Bí iye yìí bá ti kọjá ibi tí etí lè dé, fífi kún un kò fi nǹkan kan kún orin.

Ọ̀nà mẹ́ta, iye mẹ́ta

Àwọn tó ń ṣe DAC olówó ńlá kò gba ọ̀nà kan náà.

Àwọn kìíní máa ń ra ṣíìpù tí iléeṣẹ́ mìíràn ti ṣe tán, ìyẹn ègé pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ tí kò tóbi ju èékánná lọ, wọ́n á wá kọ́ ilé yí i ká. Iléeṣẹ́ méjì tó gbajúmọ̀ jù nínú títa ṣíìpù yìí ni ESS ti Amẹ́ríkà àti AKM ti Japan. RME ti ilẹ̀ Jámánì fi irú rẹ̀ ṣe ADI-2 DAC tó jáde ní 2018. Topping ti ilẹ̀ Ṣáínà fi irú rẹ̀ ṣe D90 ní 2019, tí wọ́n ta ní dọ́là 699.

Àwọn kejì kì í ra ṣíìpù DAC rárá. Bí Chord ṣe ń ṣe nìyí. Rob Watts, ẹni tó ń bá wọn ṣètò ẹ̀rọ náà, máa ń mú ṣíìpù òfìfo tí a lè kọ́ níṣẹ́ tó bá wu ni, á wá fúnra rẹ̀ kọ ìlànà ìṣirò tí yóò máa tẹ̀ lé. Ìmọ̀ orí ọ̀gbẹ́ni yìí ni Chord ń tà. Ìmọ̀ kan náà ni wọ́n fi ṣe Mojo, ẹ̀rọ kékeré aláàpò tí wọ́n gbé jáde ní 2015 ní pọ́n-ùn 399, tó ń lo bátìrì. Èyí tó wà nínú DAVE kàn ń ṣe ìṣirò tó pọ̀ ju ti Mojo lọ fíìfíì ni.

Àwọn kẹta ni Schiit Audio ti Amẹ́ríkà. Orúkọ wọn jọ èébú lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe àwàdà kí ẹni tó bá gbọ́ ọ má baà gbàgbé. Jason Stoddard àti Mike Moffat ló dá a sílẹ̀ ní 2010, inú gáréèjì ilé Stoddard ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú DAC wọn tó ń jẹ́ Yggdrasil, ṣíìpù mẹ́rin láti ọwọ́ Analog Devices ni wọ́n kó sí i, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìwòsàn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ní àwòfín, kì í ṣe fún orin. Dọ́là 2,299 ni wọ́n tà á nígbà tó kọ́kọ́ jáde.

Iná Nobeoka tú àṣírí

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná sọ ní iléeṣẹ́ tí AKM ti ń ṣe ṣíìpù ní ìlú Nobeoka, nílẹ̀ Japan. Ó lé ní ọjọ́ mẹ́ta kó tó kú. Kò pẹ́ tí ṣíìpù AKM fi di ohun àwátì, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin káàkiri ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ṣíìpù AKM ni Topping ti kó sínú D90. Nígbà tó di 2021, wọ́n gbé D90SE jáde, ti ESS ni wọ́n kó sínú èyí. RME náà kúrò lórí AKM, wọ́n bọ́ sí ESS, àmọ́ wọn kò yí orúkọ ADI-2 DAC padà. Àpótí kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olólùfẹ́ orin ti ń jà pé ohùn AKM rọ̀ bí òwú, pé ti ESS le bí irin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀ràn dé, iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yọ ọ̀kan, ó fi èkejì rọ́pò, ọjà náà sì ń lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni bí wọ́n ṣe kọ́ ilé yí ṣíìpù náà ká: iná tó ń bọ́ ọ, ibi tí ohùn ń gbà jáde, àti bí wọ́n ṣe yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kó tó kúrò ní iléeṣẹ́. Ẹni tó bá ń ra DAC nítorí orúkọ ṣíìpù tí wọ́n kọ sára páálí dà bí ẹni tó ń fi irú ìgò mọ adùn epo.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ fún oníṣòwò, bí kò bá tiẹ̀ rí hẹ́dífóònù rí. Ẹni tí gbogbo ọjà rẹ̀ dúró lé ẹnì kan ṣoṣo lórí, bí iná bá jó ilé onítọ̀hún, tirẹ̀ náà ti jó. Chord àti Yggdrasil kò gbára lé ṣíìpù DAC tí AKM ń ṣe, torí náà iná Nobeoka kò jó wọn ní tààrà. RME àti Topping yè é torí pé wọ́n rí ibòmíràn lọ, wọ́n sì ní àwọn tó mọ̀ bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ náà tò.

Etí máa ń tan ni

Bí ẹnì kan bá sọ pé òun gbọ́ ìyàtọ̀ ńlá láàárín DAC méjì, ó ṣeé ṣe kó gbọ́ ọ lóòótọ́. Ohun tó gbọ́ gan-an ló yẹ ká wò. Bí orin kan bá fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ, etí kì í sọ pé ó ròkè. Ohun tó máa ń sọ ni pé ó dùn jù, ó mọ́ jù.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìfiwéra ti ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orin inú ilé ni wọ́n ṣe kí ó máa gbé fólítì 2 jáde. Chord Mojo, bí wọ́n bá fi sí ipò tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, fólítì 3 ló ń gbé jáde. Ẹni tó bá kàn yọ ọ̀kan tó ki èkejì bọ̀ yóò gbọ́ pé Mojo ṣí sókè jù, á sì rò pé ọgbọ́n Rob Watts lòun gbọ́. Fólítì kan tó lé ló gbọ́.

Ọ̀nà wà láti ṣe é bó ṣe yẹ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi mítà àwọn oníṣẹ́ iná wọn fólítì tó ń jáde lára ẹ̀rọ méjèèjì, kí wọ́n sì yí fólúùmù títí wọn yóò fi dọ́gba. Kí ẹlòmíràn wá máa pààrọ̀ wọn láìjẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ rí i, kó sì máa kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n nígbà 5 nínú 10, bíi kó máa ta owó ẹyọ sókè ni. Bó bá gba 9, ó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí pé fífi orí kọ́ kì í sábà dé ibẹ̀.

Meyer àti Moran ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ohùn, Journal of the Audio Engineering Society, sì gbé e jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007. Orin orí àwo tó ga ju CD lọ ni wọ́n ń lù, wọ́n á tún mú orin náà gba inú ẹ̀rọ kan tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ìwọ̀n CD. Ìgbà 554 ni wọ́n bi àwọn olùgbọ́ pé èwo nìyí. Ìgbà 276 ni wọ́n gbà á, ìyẹn ìdajì ó dín díẹ̀. Àwọn kan ta kò ó pé àwọn orin kan nínú àwọn tí wọ́n lò kò ga ju CD lọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, bí ìyàtọ̀ bá tó bí àwọn olùpolówó ṣe ń kéde rẹ̀, kò yẹ kó ṣòro láti rí tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí owó ń lọ gan-an

Èyí kò túmọ̀ sí pé olè ni àwọn tó ń ta DAC olówó ńlá. Owó tó lé náà ń ra nǹkan, àmọ́ kì í ṣe orin tó mọ́ jù ni ohun náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń rà ni agbára. Kì í ṣe gbogbo hẹ́dífóònù ni iná kékeré lè gbé. Beyerdynamic DT 770 Pro, tí ọ̀pọ̀ sitúdíò ń lò, ní oríṣi ohm 32, ohm 80 àti ohm 250. Sennheiser HD 600 jẹ́ ohm 300. Bí ohm bá ṣe ń ga sí i ni hẹ́dífóònù ṣe sábà máa ń béèrè fólítì tó pọ̀ sí i kó tó lè ròkè dáadáa. Wáyà Apple yóò lu ohm 32 dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè máà fi ààyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún ohm 300.

Ibí yìí gan-an ni ẹni tí kò fara balẹ̀ ti máa ń ṣubú. Topping D90 àti Schiit Yggdrasil kò ní ihò hẹ́dífóònù rárá. Ẹni tó bá rà wọ́n yóò tún fi owó mìíràn ra áńpílífáyà kó tó lè gbọ́ ohunkóhun. Mojo ní ihò méjì, DAVE ní ọ̀kan. ADI-2 DAC náà ní méjì, ọ̀kan fún hẹ́dífóònù tó le, èkejì fún àwọn kékeré tí wọ́n ń fi sínú etí, tí ariwo ẹ̀yìn kì í pẹ́ hàn nínú wọn.

Ohun kejì ni ìrọ̀rùn iṣẹ́. ADI-2 DAC ní ojú tó ń fi ìwọ̀n ohùn hàn, ó sì ní ibi tí wọ́n ti lè tún ohùn hẹ́dífóònù tò kó bá etí mu. Ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́wàá ṣiṣẹ́ lójúmọ́ yóò jèrè rẹ̀. Bátìrì inú Mojo dáa níbi tí iná kò ti dúró sójú kan, àmọ́ bátìrì a máa gbó.

Ohun kẹta ni ìpalọ́lọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń lo jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà lè máa gbé ariwo hùùù wọ inú orin láti ara wáyà USB. DAC tó wà lóde kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fi wáyà oníná-ìmọ́lẹ̀ so mọ́ ọn, máa ń gé ariwo náà, torí pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú wáyà yìí kọjá, kì í ṣe iná mànàmáná. Ihò rẹ̀ wà lára Mojo, ADI-2 DAC, D90, Yggdrasil àti DAVE, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ DAC tí kò tó dọ́là 150 pẹ̀lú. Níbí yìí, ìyàtọ̀ tí DAC ń mú wá ṣeé gbọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó kù ni owó irin tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, owó ìmọ̀ ẹni tó ṣètò rẹ̀, owó pé ọjà tí kò pọ̀ ni wọ́n ń ṣe, àti èrè ẹni tó ń tà á. Schiit gé èyí tó gbẹ̀yìn kúrò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tà ní tààrà fún oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi lè ta ẹ̀rọ kékeré wọn ní nǹkan bíi dọ́là 100, kí wọ́n sì tún jèrè.

Kí oníṣòwò tó yọwó

Ìbéèrè àkọ́kọ́ fún onísitúdíò ni pé: ṣé ẹ̀rọ náà lè gba ohùn sílẹ̀? Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn DAC olówó ńlá wọ̀nyí tí a lè ki maikirofóònù bọ̀, títí kan DAVE. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn wọ kọ̀ǹpútà, irú Focusrite Scarlett tó wọ́pọ̀ ní sitúdíò kékeré, ti ní ihò maikirofóònù, ó ní DAC, ó sì ní ihò hẹ́dífóònù, gbogbo rẹ̀ nínú àpótí kan. Ẹni tó ti ní irú rẹ̀ ti ní ohun tó tó fi ṣiṣẹ́ jẹun.

Ìbéèrè kejì ni pé: kí ló ń dun iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́? Bí hẹ́dífóònù kò bá sọ òótọ́, ìyàtọ̀ láàárín hẹ́dífóònù méjì tóbi ju ìyàtọ̀ láàárín DAC méjì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Bó bá jẹ́ yàrá ló ń dún kùù, aṣọ nípọn àti fóòmù lára ògiri yóò ṣe ju DAC lọ. Bí ariwo hùùù bá wà, kó wá orísun rẹ̀ kó tó wá ẹ̀rọ tuntun.

Ìbéèrè kẹta ni ti wáráńtì: bí ẹ̀rọ náà bá kú, ta ni yóò tún un ṣe, níbo, lẹ́yìn oṣù mélòó? Ẹ̀rọ pọ́n-ùn 8,000 tó gbọ́dọ̀ padà sí Kent kó tó lè jí kò dára tó ẹ̀rọ dọ́là 100 méjì tí ọ̀kan wà nínú dúróà ní ìfipamọ́.

Ẹni tó ń ta irú ọjà yìí ní Alaba tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà náà ní tirẹ̀ láti mú níbẹ̀. Oníbàárà tí wọ́n bá tà D90 fún láìsọ pé yóò tún ra áńpílífáyà yóò padà wá pẹ̀lú ìjà. Èyí tí wọ́n bá bi pé irú hẹ́dífóònù wo ló ní, tí wọ́n sì sọ fún un pé ti dọ́là 100 tó o, yóò padà wá ra hẹ́dífóònù, yóò sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni fún ẹni tí oyin ń wù. Ṣùgbọ́n àáké ni oníṣòwò fi ń jẹun lójoojúmọ́, torí náà kó yẹ ẹnu rẹ̀ wò dáadáa kó tó fi sọ àpáta.